Orí Keje: Ta Ló Yẹ Kó Bẹ̀rù Ta?

Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti bá ènìyàn 2,040 sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nínú ọgọ́rùn-ún, 96.5 ló ní eléwu ni, pé ó máa ń ṣe ènìyàn léṣe. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo ayé. 82.7 nínú 100 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, àwọn tó lè gbà kò tó 17 nínú 100.

Bí a bá gbé ìbéèrè kan náà lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, lónìí, ìbáà ṣe Sábó ti ìlú Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò rò pé ìdáhùn yóò yàtọ̀. Sábó kì í tètè sùn. Hausa ń sun ẹran, Yorùbá ń ta búrẹ́dì, ọlọ́kadà ń dúró de èrò, àjèjì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Irú ibẹ̀ ni obìnrin tí kò nílé mọ́ máa ń rọ̀ mọ́, nítorí àjẹkù oúnjẹ kì í wọ́n níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè ilé tí ó ti wá. Mahaukaciya ni àwọn Hausa ń pè é, wèrè ni Yorùbá ń pè é. Òkúta tí ọmọdé ń jù lù ú kò ní èdè.

Ẹ̀rù tí ń ba gbogbo wa yìí ní ìdí díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àrùn ọpọlọ tó le, irú èyí tí ènìyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó sì fi ń rí ọ̀tá níbi tí kò sí ọ̀tá, lè mú kí obìnrin gbé ọwọ́ sókè sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tí à ń sá fún ní Sábó ni ewu yẹn pọ̀ sí lọ́wọ́. Ilé ni ó wà, nínú iyàrá, ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ẹbí ṣì ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ìṣirò tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti Sweden wá. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, orúkọ ẹni tí wọ́n bá dá dúró sí ilé ìwòsàn wà nínú ìwé ìjọba, orúkọ ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi wà nínú ìwé mìíràn, ènìyàn sì lè gbé méjèèjì ka ara wọn. Seena Fazel àti Martin Grann ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2006. Wọ́n tọpasẹ̀ ènìyàn 98,082 tí àrùn ọpọlọ tó le ti gbé dé ilé ìwòsàn láàárín 1988 sí 2000. Nínú gbogbo ìwà ọ̀daràn oníwà ipá tí kóòtù Sweden dá ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá yẹn, 5.2 nínú 100 ni a lè kà sí àrùn náà lọ́rùn. Ẹyọ kan nínú ogún. Mọ́kàndínlógún yòókù kò ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n wá ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀, iye náà yí padà. Láàárín obìnrin ọlọ́dún 25 sí 39, ó di 14 nínú 100. Láàárín àwọn tí ó ti lé ní 40, ó di 19.

Oníròyìn tí ń wá àkọlé gbígbóná yóò ka èyí, yóò sì kọ ọ́ pé wèrè obìnrin burú ju wèrè ọkùnrin lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wo ìdí rẹ̀, torí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ká fi ìlú kan tí kò sí níbì kankan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àwọn ọkùnrin ìlú náà hu ìwà ipá ní ìgbà 1,000 géérégé lọ́dún, tí 50 nínú rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn aláìsàn wá. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ká ní àwọn obìnrin ìlú náà hu ìwà ipá ní ìgbà 50 péré, tí 9 nínú rẹ̀ ti ọwọ́ aláìsàn wá. Ìyẹn ti di 18 nínú 100. Ìdá tiwọn ga ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ 9 ni tiwọn, 50 ni ti ọkùnrin. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá kì í sábà yọ ọ̀bẹ sí ènìyàn, nítorí náà ìwọ̀nba àwọn tí àìsàn mú yọ ọ́ kò ní ibi tí wọn yóò fara pamọ́ sí nínú ìṣirò.

Kò dìgbà tí a bá dé Sweden kí a tó rí bí obìnrin ti kéré tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní ìlú Ọ̀yọ́. Ènìyàn 160 ni wọ́n kọ́ ọgbà náà fún ní 2007. 907 ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, 843 nínú wọn kò sì tíì gbọ́ ìdájọ́. Àwọn tí ń retí ìdájọ́ ni wọ́n tú jáde. Àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní wọn kò fọwọ́ kan iyàrá àwọn obìnrin. Káàkiri Nàìjíríà, nínú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́wọ̀n, obìnrin ò ju bíi méjì lọ.

Ọtí àti igbó tún wà nínú ọ̀rọ̀ ìwà ipá yìí. Ní 2009, Fazel àti àwọn mìíràn kó ìwádìí 20 jọ, èyí tí ó kan ènìyàn 18,423 tí àrùn yìí ń ṣe. Wọ́n rí i pé nígbà tí aláìsàn bá tún ń mu ọtí àmupara tàbí tí ó ń lo oògùn olóró ni ewu ń fò sókè, débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń lo oògùn olóró tí orí rẹ̀ kò dàrú rárá. Ọtí àti oògùn ń ṣiṣẹ́, àrùn ọpọlọ ń gba orúkọ. Ẹ rántí èyí nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ pé "wèrè" ló ṣá ẹnìkan ládàá ní gáréèjì.

Ta wá ni obìnrin aláìsàn ń ṣe léṣe, nígbà tó bá ṣe é? Àwọn olùwádìí MacArthur ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwòsàn ọpọlọ, ọkùnrin àti obìnrin. Iye àwọn obìnrin tó hùwà ipá kò jìnnà sí ti ọkùnrin. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé inú ilé ni ti obìnrin ti ń ṣẹlẹ̀, ará ilé ló ń kàn, kì í sì í sábà di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀, ọkọ, àbúrò tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àti ọmọ.

Àwọn ìyá wa mọ èyí tó kan ọmọ kí dókítà kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Àbísínwín ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹgbẹ̀rún ìyá tó bímọ, ẹyọ kan tàbí méjì ni ó ń mú, kì í sì í pẹ́ dé: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Oorun ló kọ́kọ́ ń lọ. Kì í ṣe pé ọmọ ń ké tí kò jẹ́ kó sùn. Ọmọ ti sùn, ìyá rẹ̀ kò lè sùn. Yóò máa rìn ká, yóò máa yára sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ a dùn láìnídìí, kó tó pẹ́ ó ti bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni èrò òdì yóò wọlé, èrò yẹn kì í sì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú ohun tí ènìyàn ti gbọ́ láti kékeré ló ti ń yọ. Ọmọ ìjọ ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ pé Sátánì ti gba àwọn ọmọ òun. Tiwa lè ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun ní ilé ìgbẹ̀bí, pé àbíkú ni, pé ìyá ọkọ òun ti fi í lé àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá wá kan ọmọ náà, lójú tirẹ̀ kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe. Ó ń gba ọmọ sílẹ̀ ni, tàbí ó ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí kì í ṣe ọmọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò dé ibẹ̀ láé. Ará ilé á ti gba ọmọ, àìsàn á sì lọ.

Àìsàn yìí yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ń bá ọlọ́mọ tuntun, tí ó wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ní Ìléṣà, Abiodun Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyá 876 wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, 14.6 nínú 100 ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì náà. Àwọn wọ̀nyẹn nílò ìtọ́jú, ṣùgbọ́n bí wọn yóò bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ara wọn ló sábà máa ń jẹ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2001, ní ìlú Houston, Andrea Yates, tí ó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, tẹ àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún rì sínú omi ìwẹ̀ títí wọ́n fi kú. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọmọ kẹrin ló ti kọ́kọ́ ṣàìsàn, tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má bímọ mọ́. Wọ́n bí ìkarùn-ún. Ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dá oògùn Haldol tó ń lò dúró. Kóòtù dá a lẹ́bi ní 2002, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e ní 2005. Ní 2006 ìgbìmọ̀ adájọ́ tuntun ní kò jẹ̀bi nítorí orí rẹ̀ tí kò pé, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún márùn-ún ni Amẹ́ríkà fi pinnu bóyá aláìsàn ni tàbí apànìyàn, bẹ́ẹ̀ ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1999.

Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Òfin Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ti ronú kàn án, ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ lọ. Abala 28 ní ẹni tí àrùn ọpọlọ gba òye ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ó gba agbára láti kó ara rẹ̀ níjàánu, tàbí tí kò jẹ́ kó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe é, kò jẹ̀bi. Ti ìjánu yẹn, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1843 kò ní in. Tiwa ní in. Abala 327A wá wà fún ìyá ìkókó nìkan. Bí ìyá bá pa ọmọ rẹ̀ tuntun nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ látàrí ìbímọ tàbí ìfọ́mọlọ́mú, a kò ní kà á sí ìpànìyàn tí ń gba ikú. A óò dá a lẹ́jọ́ bí ẹni tó ṣèèṣì pa ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1938 na irú àánú bẹ́ẹ̀ dé ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjìlá. Tiwa ní ọmọ tuntun. Ohun tí ó ń dùn mí nípa àwọn abala yìí ni pé òfin gbà pé gbogbo ènìyàn ni orí rẹ̀ pé, àyàfi bí olùjẹ́jọ́ bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò ní lọ́yà, tí dókítà kò yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, tí oògùn ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí àkókò ti tún orí rẹ̀ ṣe kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò dúró níwájú adájọ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Òfin kì í dé àfi lẹ́yìn tí ohun búburú ti ṣẹlẹ̀; ìdí nìyẹn tí mo fi ka iye kan tí Olav Nielssen àti Matthew Large tẹ̀ jáde ní 2010 sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n kó ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ. Nínú àwọn tí àrùn ọpọlọ tó le ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí wọn kò tíì rí ìtọ́jú rí, ẹyọ kan nínú 629 ló pa ènìyàn. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di ẹyọ kan nínú 9,090 lọ́dún. Àwọn tó wà nínú ìṣirò yìí, tọkùnrin tobìnrin ni. Àrùn kan náà ni, ìtọ́jú ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Mélòó nínú wọn ló ń rí ìtọ́jú níbí? Nínú ìwádìí mìíràn tí Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2006, nǹkan bíi 8 péré nínú 100 àwọn tí àìsàn ọpọlọ wọn le gan-an ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Àwọn kan wá ìrànlọ́wọ́ níbòmíràn. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àlùfáà tó fún wọn ní hàǹtú mu, wọ́n lọ sọ́dọ̀ babaláwo àti oníṣègùn. N kò ní fi oníṣègùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ewé àti egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò ní èròjà reserpine nínú, èyí tí àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà lò fún àrùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950. Dókítà Raymond Prince kọ nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó ní 1960. Ó ń mú ara balẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó wọn ìwọ̀n rẹ̀, ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ nígbà ìbímọ kò sì lágbára fún irú ìyẹn. Ṣẹkẹṣẹkẹ ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Òjòó, Ìbàdàn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, níbi tí wọ́n ti so àwọn kan mọ́lẹ̀ lórúkọ àtúnṣe ìwà. Ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni, òótọ́ ni; àrùn tó wà lórí rẹ̀ kò sì gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ.

Ìjọba náà kò tètè yà kúrò nínú èrò ẹ̀wọ̀n. Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tí ó di ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Títí di oṣù kìíní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin wèrè tí ó ti wà láti ayé òyìnbó amúnisìn ni Nàìjíríà ṣì ń lò. Láàárín ẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo wá ní 1954, tí ó ní kí aláìsàn tó bá wá sí ilé ìwòsàn Àró, ní Abẹ́òkúta kan náà, mú ará ilé rẹ̀ kan dání, kí wọ́n jọ máa gbé abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí aláìsàn máa wá gba oògùn, kí ó sì máa bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ìwé nípa rẹ̀ pọ̀ káàkiri àgbáyé. Mo ṣì ń dúró de ìgbà tí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wa yóò ní ibùsùn kan fún ìyá tí orí rẹ̀ dàrú, àyè ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹní fún ìyá tó bí i.

Obìnrin Sábó tí à ń sá fún ńkọ́? Òun gan-an ni ewu ń bá. Ní Chicago, ìwádìí tí Linda Teplin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé láàárín ọdún kan, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí àrùn ọpọlọ tó le ń ṣe tí ẹlòmíràn hùwà ipá sí, ìlọ́po mọ́kànlá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ará ìlú yòókù. Àwọn wọ̀nyẹn ń gba ìtọ́jú. Níbí, kò sí àgbà tí kò rí oyún rí lára obìnrin tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó fún un lóyún, orí rẹ̀ pé, ó mọ aago tí òpópónà máa ń dá. Òfin Ọ̀daràn, ní abala 221, ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni fún ọkùnrin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bá obìnrin tí orí rẹ̀ kò pé lò. Ọdún méjì! Àwọn kan ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ nítorí ewúrẹ́.

Ní ti inú ilé, tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, a ní ohun kan tí Houston kò ní. Láàárín àwa Yorùbá, ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ ni ó ń wá wẹ ọmọ, á sì sùn nínú iyàrá kan náà pẹ̀lú ìyá ìkókó. Láàárín àwọn Hausa Sábó, wankan jego wà, omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ̀ fún ìyá títí di ogójì ọjọ́. Ọ̀gá kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì lè jiyàn lórí omi gbígbóná yẹn, ó sì ní ẹ̀tọ́, nítorí ó ń bó àwọn kan lára. Ohun tí mo ń wò ni ìyá àgbà tó wà nídìí rẹ̀. Kò sí dókítà tó lè tètè rí i bí ìyá yẹn pé ìyàwó kò tíì sùn láti ọjọ́ kẹta, pé ó ń wo ọmọ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Bí ìyá àgbà bá rí èyí, kí ó má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí ó gba ọmọ sọ́wọ́, kí ó má fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ ní àwọn nìkan, àní fún ìṣẹ́jú tí yóò fi lọ bu omi, kí ó sì kó ọ̀bẹ àti abẹ kúrò nílẹ̀ láìpariwo. Jíjiyàn pẹ̀lú ìyá ọmọ pé kò sí àjẹ́ níbẹ̀ kò wúlò. Gbígbà pé àjẹ́ wà níbẹ̀ léwu jù ú lọ. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà nítòsí. Ará Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú ọkọ̀. Oògùn yóò mú un sùn lákọ̀ọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn á ti padà sí bí a ti mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tí a lè fi fún ọmọ lọ́mú, nítorí àwọn oògùn kan wà tí kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni oyún mìíràn. Nínú àwọn tí àbísínwín ti mú rí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀, ni ó tún máa ń mú nígbà ìbímọ tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi èyí pamọ́ fún nọ́ọ̀sì tí ń ṣe ìtọ́jú oyún, nítorí ojú ń tì wọ́n, tàbí nítorí ẹbí ọkọ tuntun kò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀ fún oyún ni kí wọ́n ti sọ ọ́, kí dókítà lè pinnu oògùn tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ gan-an, kí ọkọ sì ti mọ ẹni tí yóò máa jí dìde fún ọmọ lóru kí ìyá lè sùn.